Igbó Lórí Òkúta Tí Iná Yọ́



Ìbéèrè kan ń bẹ lẹ́nu àwọn aṣojú wa: kí ni kí a ṣe sí àwọn ẹ̀ka ìjọ tí ó wà lẹ́yìn odi, tí a ti dá sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n tí ènìyàn inú wọn kò tíì pé 20? Àwọn kan ní kí a tì wọ́n pa. Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo òkè Kamẹrúùnù, níbi tí Ọlọ́run ti ń gbin igbó sórí ilẹ̀ tí kò ní erùpẹ̀.

Òkè náà wà ní etí òkun, nítòsí Buea àti Limbe. Ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 13,000 lọ, iná sì ń bẹ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1922, òkúta yíyọ́ ṣàn láti ara rẹ̀ títí ó fi wọ inú òkun ní agbègbè Bibundi, ó sì run oko ńlá. Ní ọdún 1999 ó tún ṣàn; ó dí ọ̀nà Limbe sí Idenau ní Bakingili, ó sì kù díẹ̀ kí ó dé òkun kí ó tó dúró. Nígbà tí òkúta yìí bá tutù, a dúdú, a mú bí àfọ́kù ìgò, kò sì sí ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i yóò wí pé ó parí.

Kò parí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́kọ́ dé kì í ṣe igi. Ohun kékeré aláwọ̀ eérú kan ni, tí ó lẹ̀ mọ́ òkúta bí èépá. Kò ní gbòǹgbò, kò ní òdòdó. Síbẹ̀ ó ń fa oúnjẹ kan láti inú afẹ́fẹ́, èyí tí igi kò lè fúnra rẹ̀ fà. Nígbà tí ó bá kú, a di ìwọ̀nba erùpẹ̀ nínú ihò òkúta. Níbẹ̀ ni ewéko kéékèèké, rírọ̀ bí tìmùtìmù, ti ń hù, àti irú ewé tí a máa ń rí lára igi ọ̀pẹ, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbé irúgbìn rẹ̀ bí eruku. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni igi ń dé. Ẹyẹ àti àdán a jẹ èso igi bí ọ̀pọ̀tọ́ nínú igbó, hóró rẹ̀ a sì bá ìgbẹ́ wọn bọ́ sínú pàlàpálá òkúta. R. W. J. Keay, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ nípa igbó fún ìjọba Nàìjíríà, kọ̀wé ní ọdún 1959 nípa ohun tí ó ti hù sórí òkúta ti ọdún 1922. Kò tíì pé 40 ọdún nígbà náà.

Ará, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo rí. Èkíní, ẹni àkọ́kọ́ tí ó dé orí òkúta kì í ṣe igi tí kò dàgbà; iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti pèsè erùpẹ̀. Èkejì, ibi gbogbo ni ó ní àkókò tirẹ̀. Ní Debundscha, ní ẹsẹ̀ òkè, òjò ọdún kan tó mítà 10, igbó sì ń yára padà. Ní orí òkè, níbi tí òtútù mú tí òjò sì dínkù, ó ń falẹ̀ púpọ̀. Ẹ má ṣe fi ìwọ̀n Ìbàdàn wọn ìjọ tí ó wà láàrin àwọn tí kò gbọ́ èdè wa. Ẹ̀kẹta ni ó kàn wá jù: òkúta kò lè bí irúgbìn. Láti inú igbó tí iná kò jó ni irúgbìn ti ń wá. Bí igbó bá há irúgbìn rẹ̀ mọ́wọ́, òkúta yóò dúdú títí.

Nítorí náà, kí a má ṣe ti ẹ̀ka kan pa. Kí ìjọ ńlá kọ̀ọ̀kan mú ìjọ kékeré kan ní tirẹ̀, kí ó rán olùkọ́ sí i, kí ó sì bẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Bí a bá sì ti ṣe èyí, kí a ní sùúrù. Olúwa yóò ràn wá lọ́wọ́. Àmín.