Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Yín Lọ́wọ́?

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá

 

Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń bá àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn ṣiṣẹ́. Orúkọ ẹni tí wọ́n fìyà jẹ àti ti ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí wà nínú kọ̀ǹpútà yín. Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, ẹ̀mí lè bá a lọ. Ta wá ni ẹ ń pè bí kọ̀ǹpútà náà bá yọnu?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù Ahmed Mansoor, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní United Arab Emirates. Wọ́n ní bí ó bá tẹ ibì kan, yóò rí àṣírí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó fi ránṣẹ́ sí Citizen Lab ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà, àwọn tó ti bá a yẹ irú rẹ̀ wò ní 2012. Wọ́n rí i pé Pegasus, ohun èlò amí, ni wọ́n fẹ́ fi wọ fóònù náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Apple fi dí ihò náà fún gbogbo ẹni tó ń lo iPhone. Mansoor ti mọ ẹni tí yóò ké sí kí wàhálà tó dé. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Nítorí náà, ẹ má kàn wá ẹni tó lè tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹ bi àwọn ẹgbẹ́ tó ti bá ṣiṣẹ́ léèrè ìwà rẹ̀. Ní báǹkì tiwa, ẹnì kan kì í dá ṣí yàrá owó. Ẹni méjì ló ń mú kọ́kọ́rọ́. Ẹ ṣe password yín bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹni náà bá fiṣẹ́ sílẹ̀.

Bí owó kò bá sí, Access Now ń ran irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tọ̀sán tòru, láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nítòsí wa, Paradigm Initiative ní Yábàá, l'Ékòó, ti ṣe ìtọ́sọ́nà kan tí wọ́n pè ní Ayeta. Àwa ọmọ Yorùbá kò ní bèèrè ohun tí ayẹta ń ṣe.

Ìgbẹ́kẹ̀lé kì í ṣe ọjà. Ọdún 10 la fi kọ́ tiwa. Ẹ̀yin ojúgbà mi tó mọ kọ̀ǹpútà dunjú, ẹ yọ̀ǹda ara yín fún àwọn ẹgbẹ́ yìí. Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́ o.