Abèèrè Kì í Ṣìnà: Ẹ̀tọ́ Aláìsàn ní Ilé Ìwòsàn
(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Iyamoye)

Ti Allah ni gbogbo ọpẹ́, Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Àmáànà Allah ni ara wa. Ànábì wa pa á láṣẹ pé kí a máa wá ìwòsàn. Ó sì kọ́ wa pé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ìṣègùn, tí ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ni yóò dáhùn fún ohun tí ó bá bàjẹ́. Nítorí náà, kò yẹ kí aláìsàn fi ara rẹ̀ lélẹ̀ láìbèèrè.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kano ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa ọmọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ilé-iṣẹ́ Pfizer láti Amẹ́ríkà dán oògùn titun kan, Trovan, wò níbẹ̀. Nǹkan bí 200 ọmọ ni ó wà nínú ìdánwò náà. Ìdajì gba Trovan, ìdajì yòókù gba oògùn mìíràn. Ọmọ 11 kú. Àwọn òbí sọ pé a kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn gba ìyọ̀ǹda wọn lẹ́nu, àti pé àrùn ni ó pa àwọn ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Ní ọdún 2009, wọ́n bá ìjọba Kano parí ẹjọ́ sí mílíọ̀nù 75 dọ́là, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n ìfura ti wà kí ẹjọ́ náà tó parí. Ní ọdún 2003, Kano dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró fún oṣù púpọ̀, àrùn náà sì ràn dé orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ó jìyà lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Lónìí, Òfin Ètò Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 wà. Abala 23 ní kí a sọ àìsàn, ìtọ́jú, ewu àti owó rẹ̀ fún aláìsàn, ní èdè tí ó yé e bí ó bá ti ṣeé ṣe. Abala 30 fún un ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹjọ́ sùn. Abala 32 kọ ìdánwò lára ènìyàn láìsí ìyọ̀ǹda tí a kọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ máa tẹ̀lé àwọn ìyá wa lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi nọ́ọ̀sì àti dókítà léèrè: kí ni oògùn yìí? Kí ni ó lè fà? Kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé, ẹ kà á sí wọn létí. Ẹ má gbà láìbèèrè. Ẹ má sì kọ̀ láìwádìí.

Kí Allah fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó sì fi ìbẹ̀rù Rẹ̀ sí ọkàn àwọn tí ń tọ́jú wọn. Àmín.