Ooru Omi Kò Mọ Ọ̀nà Ilé-Ọmọ

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Ìlárá-Mọ̀kín

Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ara obìnrin. Mo bi wọ́n pé apá ibo lára obìnrin. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò dáhùn.

Jíjókòó lórí ooru omi ni mo ní lọ́kàn. Kò ṣàjèjì sí yín, n kò ní pẹ́ lórí àlàyé rẹ̀. Obìnrin á gbé omi híhó tí wọ́n da ewé sí sábẹ́ àpótí oníhò, á fi aṣọ bora láti ìbàdí dé ilẹ̀, á wá jókòó kí ooru máa fẹ́ sí i lábẹ́. Àwọn tó ń tà á lórí WhatsApp ní ó ń fọ ilé-ọmọ, ó ń yọ́ ìju, ó ń lé ìnfẹ́kṣọ̀n lọ, ó ń fún àgàn lóyún, ó sì ń sọ ìyá ọlọ́mọ márùn-ún di wúńdíá. Ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n dì lé ìkòkò kan ṣoṣo lórí!

Ibi tí mo ti ń bá wọn jà ni ibi tí wọ́n ti ń sọ pé àṣà àwọn ìyá wa ni. Ìjà yìí ti pẹ́. Mo ti jà á níbi ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé, mo ti jà á nínú ọkọ̀ láti Oǹdó sí Àkúrẹ́ pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tó gbé àpò ewé lé itan. Oríṣi ènìyàn méjì ni mò ń bá jà. Àwọn kan ní gbogbo ohun tí ìyá àgbà ṣe, ìdọ̀tí àti àìmọ̀kan ni. Irú wọn ló pọ̀ láàárín àwọn tó kàwé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Àwọn kejì ní ohunkóhun tí ewé bá ti wọ̀, oògùn ni. Àwọn kejì yìí ló ń bí mi nínú jù, torí ẹnu ìyá àgbà ni wọ́n fi ń sọ ohun tí ìyá àgbà kò sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ìyá àgbà ṣe. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ìyá ọkọ mi wá láti Ìgbàrà-Òkè pẹ̀lú aṣọ ìnura méjì àti iyọ̀ nínú rọ́bà. Láàárọ̀ àti lálẹ́ ló ń gbé omi kaná. Á ki aṣọ ìnura bọ̀ ọ́, á fún un, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi níkùn títí n ó fi lọgun. Lẹ́yìn náà, mo máa jókòó sínú omi iyọ̀ nítorí ibi tí ara ti fà ya nígbà ìrọbí. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n fara kan omi náà láì jẹ́ pé ó ti ki ìgbọ̀nwọ́ tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá sá, á bu omi tútù là á. Mo ní, "Màámi, ṣé bó bá ṣe gbóná tó kọ́ ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ni?" Ó ní, "Ìyàwó mi, ẹran là ń bọ̀, ènìyàn là ń wẹ̀." Nígbà tí ojú egbò pa dé, ó da omi nù, ó fọ báàsì, ó padà sídìí kòkó rẹ̀. Kò ní kí n máa padà sórí omi lóṣooṣù, kò sì ní kí àbúrò mi tí kò tí ì lọ́kọ wá bá mi jókòó.

Ẹ ò rí i pé ooru tìyá ọkọ mi ní ìdí, ó ní ibi tó ń kàn, ó sì ní ọjọ́ tó parí? Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún egbò ìta, ilé ìwòsàn pàápàá ń sọ fún abiyamọ tí wọ́n rán pé kó ṣe é. N kò sọ pé kò sí ìyá kankan nílẹ̀ Yorùbá tó jókòó lórí ìkòkò rí. Mo ní èyí tí wọ́n ń tà fún ọmọ ogún ọdún kì í ṣe tìyá ọkọ mi. Àwọn ará Kòríà ń ṣe é, àwọn obìnrin Java ní Indonesia náà ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní ratus. Ọdún 2015 ni òkìkí rẹ̀ kàn ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ariwo sọ lórí ìyìn tí Gwyneth Paltrow, òṣèré sinimá, fi fún èyí tí wọ́n ń ṣe fúnni ní Santa Monica. Dókítà Jen Gunter, onímọ̀ àìsàn obìnrin, wà lára àwọn tó sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìròyìn àṣìṣe náà ló yára ju ìdáhùn lọ. Ọ̀nà tó gbà dé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ kò gba ẹnu ọ̀nà ìyá ọkọ mi kọjá.

Kẹ́ ẹ má sì sọ pé ẹ̀yìn àṣà ni mo wà ṣáá. Ní Zaria, obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ máa ń wẹ omi gbígbóná gan-an fún ogójì ọjọ́, á sùn lórí ibùsùn amọ̀ tí wọ́n dáná sábẹ́ rẹ̀, á sì máa mu ògì oníkáún. Láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni àwọn dókítà ibẹ̀ kọ̀wé pé ó jọ pé ooru àti káún yìí lọ́wọ́ nínú àìsàn ọkàn tó ń mú abiyamọ wú. Àwọn mìíràn ti bá wọn jiyàn látìgbà náà. Àṣà ni, síbẹ̀ wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Kí ni ooru ń ṣe lábẹ́? Ojú ara obìnrin ní àwọn kòkòrò rere tirẹ̀ tó ń mú kí ibẹ̀ kan díẹ̀, ìkan yẹn ló ń lé kòkòrò burúkú sá. Ó ń fọ ara rẹ̀. Ẹnu ilé-ọmọ sì wà ní pípadé, ooru inú ìkòkò kò dé ibẹ̀. Awọ ìta ló ń dé, awọ ìta náà ló sì ń bó. Ní 2019, dókítà kan ní Kánádà kọ̀wé nípa ìyá ẹni ọdún 62 kan tí ojú ara rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀ sísàlẹ̀. Ó jókòó lórí omi híhó fún ogún ìṣẹ́jú, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, torí ó ń sá fún iṣẹ́ abẹ. Ó jóná, wọ́n sì ní láti sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú.

Ìju, inú ẹran ilé-ọmọ ló ti ń hù, ooru kò sì dé ibẹ̀. Ní ti àìrọ́mọbí, bí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà bá dí, àrùn ìbálòpọ̀ tí a kò tọ́jú ló sábà máa ń fà á, tàbí oyún tí wọ́n ṣẹ́ níṣẹ̀ẹ́kúṣẹ̀ẹ́. Nígbà míì, àtọ̀ ọkọ ni kò dára, ẹ sì wá gbé ìyàwó jókòó lórí ìkòkò. Ẹ̀yin ọkùnrin, mo ti débẹ̀.

Ohun tó ń gbé obìnrin lọ sórí ìkòkò, mo rò pé ìtìjú ni. Inú yàrá rẹ̀ ló ti ń jókòó lé e, kò sí ẹni tó ń wò ó. Ẹ̀yin ará Ìfẹ́dọ̀rẹ́ lẹ mọ èyí ju gbogbo ayé lọ, torí ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán Abíyè, ètò ìtọ́jú aláboyún, wò ní 2009, tí wọ́n fún aláboyún ní fóònù, tí òṣìṣẹ́ ìlera ń tọ̀ wọ́n lọ sílé. Wọn ò dúró kí obìnrin wá dójú ti ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń pariwo ìṣòro abẹ́ ọmọ ọlọ́mọ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì, òun náà ń polówó ìkòkò. Ẹ má bínú sí mi.

Alága ti ń na aago sí mi. Bí ohun tó ń jáde lábẹ́ bá ń rùn tàbí tó ń yún, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá lẹ́yìn ìbálòpọ̀ tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, kí wọ́n yẹ̀ yín wò nílé ìwòsàn. Ẹ má fi ooru bò ó. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Nọ́ọ̀sì méjì wà ní ìlà iwájú yìí, wọn kì í pariwo. Ìbéèrè yá.