Bí Ọrùn Ọwọ́ Bá Ṣẹ́

Ọ̀rọ̀ ọrùn ọwọ́ tó ṣẹ́ ni a ó yẹ̀ wò. Ẹni tó bá yọ̀ ṣubú, ìbáà ṣe nínú ẹrẹ̀ ọjà Òjúwòyè ní Muṣin tàbí ní pápá ilé-ẹ̀kọ́, ọwọ́ ni yóò fi gbalẹ̀. Ibẹ̀ ni eegun ọrùn ọwọ́ ti ń kán.

Ọrùn ni èdè wa pe ibẹ̀, orúkọ náà sì bá a mu. Bí èémí ti ń gba ọrùn kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ìka ń gba ọrùn ọwọ́ kọjá. Ẹni tó bá fún un pa, ó pa ọwọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù pé dókítà yóò gé ọwọ́ àwọn, wọn a sì gba ọ̀dọ̀ oníṣègùn tí ń to eegun lọ. A kò fojú tín-ín-rín wọn. Àwọn mìíràn a ṣẹ́ adìyẹ lẹ́sẹ̀, wọn a tò ó pẹ̀lú ti aláàárẹ̀. Ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn ni wọn a tú igi tí wọ́n fi di ọwọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ṣẹ́ a máa wú. Bí a bá ti dì í pinpin, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá. Ìka a tutù, a dúdú, ọwọ́ a sì rà. Gígé tí a ń sá fún náà ló kù.

Ilé-ìwòsàn eegun Ìgbòbí kò jìnnà sí Muṣin. Ní 1945 ni a dá a sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn ọmọ-ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ní irú ilé-ìwòsàn bẹ́ẹ̀, a ó ya àwòrán eegun. Bí ó bá yẹ̀, a ó fà á bọ̀ sípò, a ó sì fi P.O.P. dè é fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Èyí tó fọ́ gan-an lè gba iṣẹ́ abẹ. Kí aláàárẹ̀ máa gbé ọwọ́ sókè, kí ó sì máa ká ìka kò, kí oríkèé má baà gan. P.O.P. pàápàá lè fún jù: bí ìka bá ń ro ó kíkankíkan, tàbí tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, kí ó padà lójú ẹsẹ̀, kí ó má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá ṣubú, ẹ má ṣe fa ọwọ́ náà, ẹ má ṣe wọ́ ọ. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà, ẹ fi páálí nípọn gbé e ró, ẹ fi aṣọ so ó kọ́ ọrùn, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé-ìwòsàn. Ẹnikẹ́ni tó bá di eegun, kí ó máa wo ìka.