Yàrá Kan fún Ọmọ Tí Ilé Ẹ̀kọ́ Dá Padà

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọlọ́jà wa sọ ní ọjọ́ ìkówójọ fún ilé ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́, ní ìlú Jos)

Owó tí a wá kó jọ lónìí, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ó pé. Ilé tí a óò fi kọ́, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọmọ wa jókòó sínú rẹ̀. Àmín.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí wọ́n tó fi mí sẹ́nu òwò. Èmi kì í ṣe olùkọ́, n kì í sì í ṣe dókítà. Mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ ni mò ń tà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ yìí, inú ilé mi ló wà.

Mo ní ọmọ-ọmọ kan, ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ara rẹ̀ le, ó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é, ó lè má dáhùn, kì í sì í fẹ́ wo ènìyàn lójú. Bí ẹ bá bi í pé, “Ṣé o fẹ́ jẹun?” òun náà yóò ní, “Ṣé o fẹ́ jẹun?” Bí jẹnẹrétọ̀ bá dún lójijì, yóò fi ọwọ́ méjèèjì di etí, yóò máa ké. Bí ó bá dé ìsọ̀ mi, agolo mílíìkì ni yóò máa tò, tí àwòrán ara gbogbo wọn yóò kọjú síbì kan náà. Bí oníbàárà bá fa ọ̀kan yọ láàárín, ẹkún dé nìyẹn.

Àwọn dókítà sọ fún wa pé ọ́tísíìmù ni orúkọ ohun tó ń ṣe é. Dókítà kan tí ń jẹ́ Leo Kanner ló kọ ìwé nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1943, tí orúkọ náà fi tàn kálẹ̀. Bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà láti inú oyún ló yàtọ̀. Kì í ṣe àìsàn tó ń ràn, kì í sì í ṣe wèrè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, nínú ènìyàn 127, ó tó ẹnì kan tó ní in. Ẹ wo bí a ṣe pọ̀ tó níbí lónìí, ẹ óò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò lè jẹ́ ti ilé tèmi nìkan. Àwọn mìíràn nínú wa ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí yàrá nígbà tí àlejò bá dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kì í ṣe. Kì í ṣe emèrè, kì í ṣe ẹlẹ́gbẹ́ ọ̀run. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyá ọkọ. Kì í ṣe nítorí pé ìyá rẹ̀ ń lọ sí ọjà nígbà tó lóyún. Kì í sì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ló fà á. Ìwé tí àwọn kan kọ ní ọdún 1998 tó dá ìbẹ̀rù yẹn sílẹ̀, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde fúnra wọn ló fagi lé e ní ọdún 2010. Nítorí náà, ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín pé òun yóò fi àgbo tàbí pàṣán lé e jáde, ẹ gba owó yín padà. Kò sí oògùn tó ń mú un kúrò. Ẹ̀kọ́ àti sùúrù ló ń ran ọmọ náà lọ́wọ́, bí a bá sì tètè bẹ̀rẹ̀, ó dára jù.

Ibi tí ẹ̀kọ́ wà gan-an ni wọ́n ti lé wa. Ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ gba owó táàmù kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n ní ó ń dí àwọn yòókù lọ́wọ́. Èkejì kò lé e, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n fi í sí, wọn kò kọ́ ọ ní nǹkan kan, ó kàn ń jókòó títí agogo yóò fi lù. Ẹ̀kẹta ní kí a má sọ Yorùbá sí i mọ́, pé èdè méjì ló ń dà á lórí rú. Ẹ̀yin ènìyàn mi, èyí dùn mí púpọ̀. Àwọn tó ti ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí rí i pé gbígbọ́ èdè méjì kì í ba ọmọ ọlọ́tísíìmù jẹ́. Bí a bá gba Yorùbá lẹ́nu rẹ̀, èdè wo ni ìyá mi tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ yóò fi kí i?

Òfin kò sí lẹ́yìn àwọn tó ń lé e. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004 sọ pé ọ̀ranyàn ni kí gbogbo ọmọ kàwé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ọdún kẹta girama. Òfin mìíràn wà, ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àléébù ara ya ènìyàn sọ́tọ̀. Kì í ṣe afọ́jú àti arọ nìkan ló wà fún, ẹni tí ìṣòro rẹ̀ jẹ́ ti ọpọlọ tàbí òye wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní àyè fún wọn, kí olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rú òfin náà lè san 100,000 náírà, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́, 1,000,000 náírà ni. Ní ìpínlẹ̀ Plateau níbí, àjọ ìjọba kan wà tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Àwa ọlọ́jà mọ̀ pé ọjà tí kò ní rìsíìtì kò ní ẹlẹ́rìí. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá kọ ọmọ yín, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ nínú ìwé, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan.

Ohun tí ọmọ yìí ń fẹ́ kò wọ́n. Kí àga rẹ̀ jìnnà sí ibi tí ariwo ti ń wá. Kí a ya àwòrán iṣẹ́ ọjọ́ náà sára ògiri: orin, ìṣirò, oúnjẹ, ilé, kí ó lè mọ ohun tó kàn. Kí ọ̀rọ̀ olùkọ́ ṣe ṣókí. Bí nǹkan yóò bá yí padà, kí a sọ fún un ṣáájú. Bí ọ̀rọ̀ kò bá jáde lẹ́nu rẹ̀, kí a jẹ́ kí ó fi ọwọ́ tọ́ka. Bí ariwo bá pọ̀ jù fún un, kí ibì kan wà tí yóò sinmi sí díẹ̀, kí ó tó padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹnì kan lè wí pé ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Òótọ́ ni. Ìyá rẹ̀ ti pọ̀n ọ́n, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ rírán rẹ̀ pa nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tún wí pé ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Nígbà tí àwa tó ń pọ̀n ọ́n bá lọ, ta ni yóò tọ́jú ọkùnrin ogójì ọdún tí a kò kọ́ láti ra búrẹ́dì kí ó sì gba ṣéńjì?

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ jẹ́ mẹ́ta. Èkíní, nínú ilé ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ yìí, kí yàrá kékeré kan wà tí ariwo kì í dé. Èkejì, kí ẹgbẹ́ rán olùkọ́ méjì lọ kọ́ iṣẹ́ yìí. Kò jìnnà, ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ àkànṣe wà ní Yunifásítì Jos. Ẹ̀kẹta, bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ń lé ọmọ ọ̀kan nínú wa, kí àgbà méjì láti inú ẹgbẹ́ bá ìyá rẹ̀ lọ, nítorí ohùn obìnrin kan ṣoṣo kì í pẹ́ wọlẹ̀.

A máa ń wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ má jẹ́ kí a kọ́ ilé, kí a wá lé ọmọ síta. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé yàrá kékeré náà, èmi yóò san owó rẹ̀. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ku ògiri àti òrùlé. Mo fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹ̀yin ará ilé mi.

Ọlọ́run yóò wo gbogbo ọmọ wa.