Akẹ́kọ̀ọ́ Wa Tí Ìdààmú Dé Bá, Kó Má Ṣe Dákẹ́
(Ọ̀rọ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ bá ìpàdé sọ, Barking)

Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ni a sábà máa ń bá yín sọ. Tòní yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa, àti ti àwa àgbà tí a padà sí ilé-ìwé, tí ìṣòro òjijì ń lé kúrò ní yunifásítì, ni a gbé wá.

Ẹ̀kọ́ gíga kò jìnnà sí wa ládùúgbò yìí. University of East London wà ní Longbridge Road títí di 2006. Ní 2017, Coventry University ṣí ẹ̀ka sínú Civic Centre àtijọ́ ní Dagenham. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ́ sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n bàbá lè kú nílé, ọkọ tàbí aya lè ṣàìsàn, iṣẹ́ lè bọ́, onílé lè ní kí a jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá dákẹ́. Kò ní lọ sí kíláàsì mọ́, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ojú ń tì í. Àwa nọ́ọ̀sì mọ̀ pé aláìsàn tó ń pariwo ní wọ́ọ̀dù kì í dẹ́rù bani tó èyí tó dákẹ́.

Ìdààmú kì í ṣe ẹ̀rí ọ̀lẹ. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Middlesbrough, ní àríwá ilẹ̀ yìí. Ní oṣù kẹfà 2023, ìjọba Nàìjíríà yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà. Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bí 460 náírà ti kọjá 1,500 ní oṣù kejì 2024. Owó tí òbí kó jọ fún ọdún kan kò tó ìdajì ọdún mọ́. Ní oṣù karùn-ún 2024, ìròyìn jáde pé Teesside University ti yọ àwọn ọmọ Nàìjíríà kan kúrò nítorí gbèsè owó ilé-ẹ̀kọ́, àti pé wọ́n ní kí wọ́n fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀.

Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀, kó tó dá ẹsẹ̀ dúró.

Èkíní, yíyọ orúkọ kúrò pátápátá yàtọ̀ sí dídá ẹ̀kọ́ dúró fúngbà díẹ̀. Ìkejì yìí ni ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní interruption tàbí suspension. Ẹni tó bá gbà á lè padà wá. Bó bá jẹ́ ìdánwò kan péré ni kò lè ṣe, kó béèrè fún extenuating circumstances, kó sì mú lẹ́tà dókítà tàbí ìwé ẹ̀rí ikú dání.

Èkejì, ọjọ́ tí a kúrò ṣe pàtàkì. Student Finance England máa ń san ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé-ẹ̀kọ́ ní sáà kìíní, 25 ní sáà kejì, 50 ní sáà kẹta. Ẹni tó kúrò nígbà tí sáà kẹta ti bẹ̀rẹ̀ ti jẹ gbèsè ọdún kan gbáko. Owó ìgbọ́bùkátà tó gbà kọjá ọjọ́ tó kúrò, wọ́n lè ní kó dá a padà kíákíá. Bó bá jẹ́ àìsàn ló dá a dúró, owó lè ṣì wọlé fún ọjọ́ 60.

Ẹ̀kẹta, iye ọdún ẹ̀kọ́ àti ọdún kan lé ni Student Finance ń ṣírò. Wọ́n á yọ ọdún tí a ti lò. Bí ọ̀fọ̀, àìsàn tàbí ìtọ́jú ará ilé bá ba ọdún kan jẹ́, wọ́n lè fi òmíràn kún un bí ẹ̀rí bá wà. Compelling personal reasons ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ rí olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ lórí físà kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ sọ fún Home Office, wọ́n sì lè gé físà náà kúrú.

Ẹ̀karùn-ún, bó bá di dandan láti lọ, kó má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó yege nínú kírẹ́díìtì 120 lè béèrè fún Certificate of Higher Education. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá sì ṣe ohun tí kò tọ́ sí i, tí ẹjọ́ inú ilé ti parí, Office of the Independent Adjudicator ń gbọ́ ẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, láàárín oṣù 12.

Ẹ̀yin òbí, ọwọ́ yín ni èyí tó kù wà. Bí ọmọ bá wálé pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lágbájá tó ti di lọ́yà. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé ṣé ó ti jẹun, ẹ wá ní kó mú lẹ́tà rẹ̀ wá kí ẹ jọ kà á. Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá.

Lẹ́yìn ìpàdé, ẹ mú ìwé yín wá bá wa. A óò jọ kà á, a kò sì ní tú àṣírí ẹnikẹ́ni.