Ìsinmi Tí Kò Dé Ọ̀dọ̀ Ọmọ-Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí pásítọ̀ kan bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹbí wọn sọ ní Siporex, Yopougon

  Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ Olúwa àti ìsinmi, nítorí ẹ gbọ́ pé ìjọ fún mi ní ìsinmi oṣù mẹ́ta. Àwọn kan tilẹ̀ bi ìyàwó mi léèrè bóyá wọ́n lé mi ni. Wọn kò lé mi o. Ìsinmi ni.

Kì í ṣe àṣà tuntun. Nínú ìwé Léfítíkù orí 25, Ọlọ́run pàṣẹ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé bí ó bá di ọdún keje, kí wọ́n má fún irúgbìn, kí ilẹ̀ náà sinmi. Àwọn yunifásítì yá àṣà yìí lò fún àwọn olùkọ́ wọn. Àgbẹ̀ ilé wa náà mọ̀ ọ́n: ilẹ̀ tó bá ti ṣá, a ó fi í sílẹ̀ kí ó di igbó padà. Thomas Jefferson Bowen, òyìnbó Onítẹ̀bọmi tó dé Badagry ní 1850, kò lò tó ọdún méje ní ilẹ̀ Yorùbá tí àìlera fi dá a padà sí Amẹ́ríkà ní 1856. Ní 1858, ìwé gírámà àti àtúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde níbẹ̀. Ara rẹ̀ kọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kú.

Àwa tí a wá ṣòwò níhìn-ín kò mọ ìsinmi. Ìdájí ni a ti ń wọ gbaka lọ sí Adjamé, ilẹ̀ á ṣú kí a tó padà. Bí a bá sì ní a ń lọ sinmi nílé, a ó gba Noé, a ó la Ghana, Togo àti Benin kọjá. Bí a bá fi máa dé Ẹ̀jìgbò, ìnáwó ti ń dúró dè wá: òkú, ìgbéyàwó, ilé ṣíṣí. A ó tún padà wá pẹ̀lú gbèsè àti ẹ̀yìn ríro. Èmi kì í pe ìyẹn ní ìsinmi.

Nígbà tí mo sinmi, ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ìró ìgbálẹ̀. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí àwọn onígbaka tó máa pariwo, gbogbo àdúgbò ni a ti ń gbálẹ̀. Ta ní ń gbá a? Àwọn ọmọ tí a mú wá láti ilé ni. Àwọn náà ní ń pọnmi, àwọn ní ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, àwọn ní ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Ní ọjọ́ tí ọ̀gá wọn bá sì wọ aṣọ ẹbí lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí tó lọ kírun Jímọ̀, àwọn ni wọ́n jókòó ti ọjà.

Ẹ jẹ́ kí a wo òfin ìsinmi náà dáadáa. Nínú Ẹ́kísódù orí 20, kò dá olórí ilé nìkan dúró. Ó dárúkọ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, ìránṣẹ́kùnrin àti ìránṣẹ́bìnrin, ó dárúkọ ẹran ọ̀sìn, ó tún dárúkọ àlejò. Ẹ kíyè sí àlejò yẹn. Àwa nìyẹn. Ọdún yòówù kí a lò níhìn-ín, Anago ni wọ́n ṣì ń pè wá. Diutarónómì orí 5 wá sọ ìdí rẹ̀: kí ìránṣẹ́ lè sinmi bí olúwa rẹ̀, nítorí pé Ísírẹ́lì náà ti ṣẹrú rí ní Íjíbítì. Ta ni nínú wa tí kò bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹnìkan? Ẹ̀yin àgbà mọ ẹni tí ẹ gbé ẹrù fún.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọmọ-iṣẹ́ ni a máa ń pa òwe yìí fún. Ó kan ọ̀gá náà. A mọ ọpẹ́ ọkọ̀ tuntun, a mọ ọpẹ́ ilé. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní Yopougon ní 2011, láti oṣù kẹta títí wọ inú oṣù karùn-ún, nígbà tí ìbọn ń dún, mọ̀ pé kí ènìyàn lọ pọnmi kí ó sì padà láàyè, ọpẹ́ ńlá ni. Ẹni tó pọnmi lónìí kò ha yẹ lẹ́ni tí a ń kí ní "o ṣé"?

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò: bí ọmọ bá sinmi, ta ni yóò tajà? Ọ̀rọ̀ gidi ni, owó ilé àti owó ilé-ìwé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Côte d'Ivoire pàápàá ní kí òṣìṣẹ́ máa sinmi wákàtí 24 lọ́sẹ̀. Oṣù mẹ́ta tí n kò fi wàásù, ìjọ kò tú ká. Àwọn díákónì wàásù, àwọn ìyá ṣàbẹ̀wò àwọn aláìsàn. Ṣebí ọ̀pọ̀ ìjọ Yorùbá ní ilẹ̀ yìí, oníṣòwò ló dá wọn sílẹ̀ kí pásítọ̀ tó dé. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ní wó.

Nítorí náà, mo ti bá àkọ̀wé ẹgbẹ́ sọ ọ́. Ìwé kan wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá gbà, kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ yóò máa sinmi, ìbáà ṣe Jímọ̀, ìbáà ṣe ọjọ́ Ìsinmi. Mo ti kọ ti ọmọbìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ Ajé ni a yàn fún un, nítorí ọjọ́ Ìsinmi ni iṣẹ́ ilé pásítọ̀ pọ̀ jù.